Ìkíni Nínú Abà Ahoro

Ọkùnrin náà ti sá yí igi máńgòrò po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Ìyá Abà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti ọmọ odó lọ́wọ́. Oòrùn ń wọ̀ nínú abà ahoro náà. Ewé gbígbẹ ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, àdán ń ya jáde láti inú ilé tí òrùlé rẹ̀ ti jìn sínú, kànga tó wà láàárín àgbàlá sì ń kérora bí ẹni tí inú ń run. Bí ọkùnrin náà ṣe ní kí òun ya sẹ́yìn ilé, gbòǹgbò gbé e lẹ́sẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ gbìì. Ìyá Abà dé orí rẹ̀. Irun rẹ̀ funfun báláú, ojú rẹ̀ pọ́n koko. Ó gbé ọmọ odó sókè. Ó ku ká gbọ́ "pò."

Ọkùnrin náà kò dìde sá. Ibi tó ṣubú sí náà ló ti tún ara rẹ̀ ṣe, ó fi àyà balẹ̀ dáadáa, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Ìyá Abà sọ ọmọ odó kalẹ̀. "Kú ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi. Ṣé dáadáa ni? Àwọn ara ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà. Wọ́n ní kí n kí yín."

Irọ́ ni. Àwọn ara ilé rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnì kan ń fi ọmọ odó lé e kiri. Ṣùgbọ́n kí lèèyàn tún fẹ́ fi dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

"Ọmọ kékeré yẹn ńkọ́?"

"Ó ń hu eyín lọ́wọ́ ni, mà. Kì í jẹ́ ká sùn."

"Ẹ bá a wá egungun adìẹ tó mọ́, kó máa họ ọ́. Á rọrùn fún un."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ ó pẹ́ fún wa, mà."

Agogo dún. Abà pòórá, igi máńgòrò pòórá, kànga dákẹ́ ìkérora. Yàrá ńlá kan tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun ló kù, lẹ́sẹ̀ Òkè Ìdànrè, ọ̀sán gangan. Jọláadé, obìnrin tó ni ilé-iṣẹ́ géèmù náà, ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí.

"Màmá Fẹ̀yìntọlá, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ tún ti dá a lóhùn."

Màmá bọ́ awò tó bo ojú rẹ̀. "Ó kí mi."

"Mo mọ̀ pé ó kí yín, mà. Ẹ yẹ kẹ́ ẹ pa á ni."

"Jọláadé, ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi, kí n wá fọ́ ọ lórí? Ilé ta ni wọ́n ti kọ́ mi nírú ẹ̀kọ́ yẹn?"

Géèmù ọ̀hún kò lọ́jú pọ̀. Arìnrìn-àjò mẹ́rin já sínú abà ahoro. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá àtùpà, okùn kànga àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn kí àkùkọ tó kọ. Ẹni karùn-ún wọn ni Ìyá Abà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú fíìmù ni wọ́n ti yọ ọ́, *Ìyá Abà Ahoro*, apá kìíní dé apá keje, tí Màmá Fẹ̀yìntọlá ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, láyé ìgbà tí àwọn èèyàn ṣì ń di fóònù mú lọ́wọ́. Nígbà náà, wákàtí mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di arúgbó: ìyẹ̀fun lórí, gọ́ọ̀mù lójú kó lè hun jọ, èédú lára eyín. Ní báyìí tó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, Ọlọ́run ti bá wọn ṣe é tán lọ́fẹ̀ẹ́.

Akínrìnádé, ọkùnrin tó ṣubú yẹn, bọ́ awò tirẹ̀ náà. Awakọ̀ ni, òun ló ń wa ọkọ̀ orí wáyà tó ń gbé èèyàn gun òkè. "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ó tún wí, ó sì tẹrí ba. Ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, irú èyí tí ìjọba so mọ́ gbogbo èèyàn láti máa fi máàkì wọn ìwà wọn, dún tín-ín.

"Kú iṣẹ́, ọkọ mi," ni Màmá wí. Tirẹ̀ náà dún tín-ín.

Jọláadé kérora bí kànga inú géèmù. "Adégòkè, ẹ̀rù mélòó ló fà?"

Adégòkè ló ń kọ àṣẹ sínú ẹ̀rọ. Ó wo ògiri níbi tí nọ́ńbà ń gùn tó ń sọ̀. "Mọ́kànlá. Mọ́kànlá náà, ìgbà tó ṣubú ni. Ẹ̀rù ìbàdí rẹ̀ ló bà á."

"Àádọ́rùn-ún la sì ń wá."

"Bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ wọn nígbà náà," ni Màmá wí. "Ṣebí ẹ̀gbà ló ń fi tipátipá mú wọn kí mi."

"Mà, ẹ̀gbà náà ló ń gbọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń lù," ni Adégòkè wí. " Bí a bá bọ́ ọ, kí la máa fi wọn ẹ̀rù? Bí wọn ò bá sì kí yín, ojú àgbà ló rí yẹn, á yọ máàkì márùn-ún lọ́wọ́ wọn."

Akínrìnádé mi orí. "Máàkì ọgọ́rùn-ún àti mẹ́ta ni mo ní, mà. Bó bá wọ abẹ́ ọgọ́rùn-ún, wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ n máa kí yín."

"Ẹ fi ẹ̀rọ ṣe Ìyá Abà dípò mi."

"Òfin ò gbà á, mà. Ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dẹ́rù ba ọmọ èèyàn mọ́, láti ọdún tí fíríìjì ti ń halẹ̀ mọ́ àwọn tó sanra."

"Ẹ wá fi ojú mi fún ọmọdé kan tí kò nítìjú."

"Ojú ẹni ni ti ẹni, mà, títí ẹni náà á fi kú."

"Bí mo bá wá kú lónìí?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà," ni Jọláadé wí. Ó ronú díẹ̀. "Ìwé rẹ̀ nìkan, oṣù mẹ́sàn-án ni."

Aago méjì ni ọ̀gá ayẹ̀wò láti Ilé Ìrántí ń bọ̀, bí kò bá sì rí àádọ́rùn-ún kó tó di aago mẹ́rin, á tẹ bọ́tìnnì kan, *Ìyá Abà Ahoro* apá kìíní dé ìkeje á sì dàwátì láyé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni pé Ilé Ìrántí ti kún. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn fi ń ya àwòrán oúnjẹ àárọ̀ wọn tí wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, títí tí kò fi sí àyè mọ́. Ìjọba bá ṣòfin pé ohun àtijọ́ tí kò bá mú ọkàn ẹnikẹ́ni lù mọ́, kí wọ́n pa á rẹ́. Fíìmù ẹkún gbọ́dọ̀ máa pani lẹ́kún, ti ẹ̀rín gbọ́dọ̀ máa pani lẹ́rìn-ín, ti ẹ̀rù gbọ́dọ̀ máa bani lẹ́rù. Ẹni tó bá sì sọ fíìmù di géèmù, tí géèmù náà ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, ó ti ra ogójì ọdún fún fíìmù rẹ̀ nìyẹn. Ìjọ̀gbọ̀n tiwọn ni pé bí àwọn èèyàn òde òní bá wo *Ìyá Abà Ahoro*, ńṣe ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Abẹ́ Ẹ̀rù ni wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí. Jọláadé ti kọ̀wé pé kí wọ́n gbé e sábẹ́ Ẹ̀rín. Wọ́n ní ìwé náà á rin ọdún mọ́kànlá.

Màmá kò bìkítà fún fíìmù fúnra rẹ̀. Láwuyì ló ká a lára.

Láwuyì ọkọ rẹ̀ ló kọ fíìmù náà, òun ló di kámẹ́rà mú, òun náà ló sì ń ṣe ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ń pa. Nínú apá méjèèje, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ pa, nítorí kò fẹ́ràn oòrùn, ó fẹ́ kú kíá kó lè padà sẹ́yìn kámẹ́rà níbi tí ibòji wà. Bó bá sì ti kú báyìí, kò lè mú ẹ̀rín mọ́ra. Ẹ wo apá èyíkéyìí, ẹ ó rí òkú tí ikùn rẹ̀ ń mì. Ogún ọdún rèé tí Láwuyì ti kú lóòótọ́. Àwọn fọ́tò rẹ̀ tó kù, wọ́n ní àwọsánmà orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n kó wọn pamọ́ sí. Àwọn tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, wọ́n kógbá wọlé. Láti ìgbà náà òjò ti ń rọ̀, fọ́tò kankan ò bọ́ sílẹ̀. Ìbídùn, ọmọ wọn kan ṣoṣo, pe Màmá lọ́dún tó kọjá láti Sakí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màámi, báwo lohùn bàbá ṣe ń dún? Mo jí lónìí, mi ò rántí." Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàpèjúwe, kò sì mọ ibi tó máa bá dé. Ó kàn fi apá kẹta ránṣẹ́ sí i.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pa abà yẹn rẹ́, Láwuyì kú ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ti èyí kò sì ní ẹ̀rín nínú.

Aago méjì lù, ọ̀gá ayẹ̀wò wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́misóyè ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin kúkúrú kan tó wọ aṣọ tí kò rún níbì kankan. Àga tirẹ̀ ló gbé wá láti ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan, ó kí Màmá, Màmá dá a lóhùn, ó bi í léèrè ìyá rẹ̀.

"Wọ́n wà, mà. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta díẹ̀ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn." Ó yára ṣí ìwé rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì la máa dán an wò. Ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni bá rín, mo máa yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rù. Ó yá."

Àwọn mẹ́rin tí ìlú fi ìbò mú láti dán géèmù náà wò dúró sáàárín yàrá: Akínrìnádé awakọ̀, Lábísí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé tó ń ránṣọ, àti Tísà Mosúnmọ́lá. Wọ́n bo ojú wọn. Abà ahoro yọ padà.

Màmá sa gbogbo agbára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ké, ó bú ramúramù, ó fi ọmọ odó lu ilẹ̀ kìì kìì, ó fò jáde láti ẹ̀yìn àká. Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé fò sẹ́yìn lóòótọ́, nọ́ńbà sì gun mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà ó rántí ara rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ má bínú, mi ò tètè rí yín."

"Kò burú, ọmọ mi."

Tísà kúnlẹ̀ nídìí kànga. Lábísí ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ sá rárá. Ó rí bí Ìyá Abà ṣe ń tiro bọ̀, ó ní, "Mà, orúnkún yín wú. Ta ló ní kẹ́ ẹ máa sáré? Ẹ jókòó." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ra á. Akínrìnádé bá Màmá gba ọmọ odó dání kó má baà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín pa Tísà. Bí tísà bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, kíláàsì á gbè é.

Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́misóyè kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ̀rù mẹ́rìnlá. Ẹ̀rín mẹ́sàn-án. Ó ku márùn-ún." Ó wo Màmá pẹ̀lú àánú. "Mà, mo ti yẹ fíìmù kan wò rí tó jẹ́ pé nípa kíkùn ògiri ni. Méje lòun ní."

Wọ́n gbà kí Màmá sinmi fún ogún ìṣẹ́jú. Ó jókòó síwájú ògiri, ó ní kí Adégòkè bá òun tan apá kìíní, bóyá ìgbà ìkẹyìn nìyẹn. Ó rí Láwuyì tó gbé báàgì kọ́ èjìká, tó ń wọ abà bọ̀. Láwuyì rí arúgbó tó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó tẹrí ba. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà." Arúgbó náà, ìyẹn Fẹ̀yìntọlá tòun ti ìyẹ̀fun lórí, fò dìde, ó bú ramúramù, ó sì fi ọmọ odó lé e.

Ọjọ́ tí wọ́n ya ibẹ̀ yẹn, wọ́n jà. Ó rántí rẹ̀ bí àná. Ohun tí Láwuyì kọ sílẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe yẹn. Ohun tí Láwuyì kọ ni pé Ìyá Abà á jókòó, àlejò á kí i, kò sì ní dáhùn. Ó tán.

"Fẹ̀yì, ariwo ò dẹ́rù bani," ni Láwuyì wí lọ́jọ́ náà. "Ajá ń gbó, a kì í sá. Ṣé o mọ ohun tó ń bani lẹ́rù? Kéèyàn kí àgbà, kí àgbà wo èèyàn, kó má fọhùn. Wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tó o ṣe."

"Bàbá Ìbídùn, ìyá mi á wo fíìmù yìí."

"Eré ni."

"Kò sí eré níbẹ̀. Wọ́n á ní ọmọ táwọn bí ni wọ́n kí tí kò dáhùn. Èmi ò ṣe. Màá ké ramúramù fún yín, ẹ ó gbádùn rẹ̀."

Ọjọ́ méjì ni wọn kò fi bára wọn jẹun. Níkẹyìn Láwuyì gbà, ó ní kó máa ké. Bí wọ́n ṣe ké apá méjèèje já nìyẹn. Ìyá rẹ̀ sì wò ó, ó yìn ín pé ó mọ̀ ọ́n ké.

Màmá wo ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀. Wúrà ni àwọ̀ rẹ̀. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti di wúrà, nítorí kò sí ìkíni kan tó kọjá lára rẹ̀ láìdáhùn láti ìgbà tí wọ́n ti so ó mọ́ ọn lọ́wọ́, àní lọ́jọ́ tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀. Ìjókòó iwájú nínú ọkọ̀ orí wáyà, tirẹ̀ ni. Nílé ìwòsàn, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè. Wúrà márùn-ún péré ló wà ní gbogbo Ìdànrè, mẹ́rin yòókù ò sì fẹ́ràn rẹ̀.

"Adégòkè," ó wí, "bí àgbà ò bá dá ẹni tó kí i lóhùn, máàkì mélòó ni wọ́n ń yọ?"

Adégòkè yíjú sí i gbìrì. "Ogójì, mà. Lórí ẹnì kan."

"Mẹ́rin ńkọ́?"

"Ẹ̀gbà yín á di eérú, mà. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ sí kíláàsì ìwà fún oṣù mẹ́ta. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ń wà níbẹ̀, àwọn tó máa ń pòṣé sí bàbá wọn." Ó sún mọ́ ọn. "Kí ló dé, mà?"

"Kò sí. Bá mi gbé odó kan síwájú abà, kó o dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọmọ odó, mi ò fẹ́ mọ́."

Ó bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó fi ìṣẹ́tí rẹ̀ kan ha ẹnu bí ẹni tí eyín ń dùn, torí ó mọ ara rẹ̀.

Abà yọ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àkọ́kọ́ tó wọlé ni Akínrìnádé, ó ti ń wo ẹ̀yìn àká àti ẹ̀yìn igi kó má baà bá a lójijì. Ó rí Ìyá Abà tó jókòó jẹ́ẹ́ lórí odó. Ojú rẹ̀ yọ̀, ó ti mọ̀ ọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Màmá wò ó.

Ahọ́n rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀, bí ewúrẹ́ tó gbọ́ ohùn olówó rẹ̀. Ó fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ẹ̀gbà gbọ̀n.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," Akínrìnádé tún wí, ó gbé ohùn sókè, ó ní bóyá etí ni.

Màmá ń wò ó.

Akínrìnádé gbé orí sókè díẹ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. "Mà, èmi ni. Akínrìnádé. Ọmọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ Òkè-Àlàdé." Afẹ́fẹ́ fẹ́, ewé kan já bọ́. "Mà, ṣé mo ṣe nǹkan ni? Ṣé nítorí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni, tí mo gbéra kẹ́ ẹ tó jókòó? Mà, mo ti rò ó lọ́jọ́ náà pé kí n bẹ̀ yín. Àwọn tó wà lẹ́yìn ló ń pariwo. Mà?"

Lórí ògiri, nọ́ńbà ti kọjá àádọ́ta. Jọláadé dìde kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lábísí dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ń bọ̀ wá wo orúnkún. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà." Ó dúró de ìdáhùn. Ó wo Akínrìnádé tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí òógùn bo ojú rẹ̀. "Kí lo ṣe fún wọn?"

"Mi ò mọ̀."

"Mà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Ẹ̀rín kúrò lójú Lábísí díẹ̀díẹ̀. "Ta ló sọ fún yín? Mà, irọ́ ni wọ́n pa, mi ò kọ ìyá mi sílẹ̀. Àtìgbà ìkórè iṣu ni mi ò ti dé ibẹ̀, iṣẹ́ ló pọ̀. Mo ti ní ọjọ́ Sátidé yìí ni màá lọ. Àní ọ̀la."

Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé àti Tísà jọ dé, wọ́n jọ kí i. Màmá wo èkínní, ó wo èkejì. Ó ń ka orúkọ apá méjèèje nínú ara rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ má baà já. Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ ni aṣọ Màmá kù tí òun fi rán fìlà. Màmá kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé aṣọ kù. Ó kàn yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó má baà rẹ́rìn-ín.

Yíyí tó yí ojú yẹn ló pa wọ́n. Tísà figbe ta, ó ní, "Wọ́n ti yí ojú." Ẹni tó ti fi ogún ọdún dúró síwájú ọmọ ọgọ́ta láìfòyà wá gbá àtùpà mọ́ra, ó ń bẹ̀bẹ̀ ohun tí kò mọ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò lè sá, nítorí ta ló ń dìde kúrò níwájú àgbà tí kò tíì dáhùn? Wọn kò sì lè dúró. Àkùkọ kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn wà níbẹ̀ tó ń dán, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún," ni Adégòkè wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́misóyè ní kò ṣeé ṣe, ẹ̀rọ ti bàjẹ́, òun á fojú ara òun rí i. Ó bo ojú, ó wọ abà. Nǹkan tó ṣe ní ìṣẹ́jú kan tó lò níbẹ̀, kò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ níta ni "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ohùn ẹlẹ́ẹ̀kẹta kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ púpọ̀. Nígbà tó jáde, ẹ̀gbà ọwọ́ tirẹ̀ náà ń ké, aṣọ rẹ̀ ti rún. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì pe nọ́ńbà kan.

"Ẹ̀yin ni, màámi? Èmi ni. Rárá, kò sí nǹkan. Mo kàn ní kí n kí yín ni." Ó gbọ́ ohùn tó dáhùn, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé gan-an ni."

Lẹ́yìn náà ló wá tẹ òǹtẹ̀: ogójì ọdún.

Agogo dún, abà pòórá. Màmá fa gèlè yọ lẹ́nu. Òun ló kọ́kọ́ kí wọn. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Akínrìnádé, kú ìrọ̀lẹ́. Lábísí, kú ìrọ̀lẹ́. Tísà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Fákúnlé, fìlà yẹn, máa dé e, ó yẹ ọ́." Ó kí ọ̀gá ayẹ̀wò náà. Ó kí wọn tọmọtọmọ, tẹbítẹbí, bí ẹni tó ń san gbèsè. Wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn dúró nítòsí ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbà kì í gba ìkíni tó pẹ́. Tirẹ̀ ti di eérú. Ìwé ti yọ lára ògiri pẹ̀lú orúkọ rẹ̀: kíláàsì ìwà, ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ àárọ̀, kó mú bíírò wá.

"Mà, ẹ má bínú," ni Jọláadé wí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Wúrà yín."

"Ìyá mi ti kú, Jọláadé. Wọn ò rí mi." Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀gbà náà. "Lọ́jọ́ Ajé, bí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yẹn bá fẹ́ pòṣé, màá wò wọ́n."

Akínrìnádé bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìjókòó iwájú yẹn, mà, tiyín ṣì ni. Mi ò bìkítà ohun tí ẹ̀gbà wí."

"Ọkọ mi, ìwọ náà ti ń bẹ̀rù jù. Máa lọ wo ọmọ tó ń hu eyín."

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó ku Adégòkè tó ń kó wáyà jọ. Màmá ní kó tan apá kìíní padà. Ó fa àga sún mọ́ ògiri.

Láwuyì wọ abà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ọ̀dọ́ ni, eruku bo bàtà rẹ̀. Ó tẹrí ba. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá Ìbídùn," ni Màmá wí. "Ẹ̀yin lẹ borí. Ẹ má yọ̀ jù."

Lórí ògiri, ọmọbìnrin kan tó kun ìyẹ̀fun bú ramúramù, kò gbọ́. Láwuyì sá, ó ṣubú, ó kú. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ẹ̀gbà eérú dún tín-ín, ó fún un ní máàkì kan.

Màmá wò ó. Ó wo Adégòkè.

"Dá a padà sẹ́yìn," ó wí. "Jẹ́ kí wọ́n tún kí mi."